Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Ìkìlọ̀ Tí Etí Wa Kò Fẹ́ Gbọ́

Ibi kíkà: 2 Àwọn Ọba 22:8-20, Jeremáyà 36, Esekíẹ́lì 33:1-9, Jákọ́bù 3:1 àti 5:1-6.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ fún mi pé èmi ni n ó kọ ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí, ó ní kí n jọ̀wọ́ wá ohun tí yóò tu àwọn ìyá nínú, nítorí pé ìlú le. Mo gbà pé ìlú le. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti Bíbélì mi, ibi tí ọkàn mi ń fà sí kò tu èmi fúnra mi nínú rárá. Kí akọ̀wé wa má bínú sí mi.

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń pa àtẹ ọsàn ní etí títì ní Fìdítì. Èyí tí ó tóbi, tí ó pọ́n, tí ara rẹ̀ ń dán, òkè ni à ń tò ó sí, kí ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn bọ̀ lè rí i láti inú ọkọ̀. Èyí tí ó ti ń rọ̀ lápá kan, ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé. Bí a ti ń ṣe Bíbélì náà nìyẹn. Àwọn ìlérí ni a tò sí òkè: Sáàmù 23, Sáàmù 91, àti Jeremáyà 29 ẹsẹ̀ 11, èyí tí ó wà lára kàlẹ́ńdà, lára ọkọ̀ akérò, àní lára aṣọ ẹgbẹ́ pàápàá. Ìlérí òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ̀ 15 títí dé 19 nínú orí kan náà yẹn, ẹ ó rí idà, ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn, fún àwọn tí Olúwa rán wòlíì sí tí wọn kò gbọ́. N kò tíì rí ọkọ̀ tí wọ́n kọ èyíinì sí lára.

Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò. Ní ọdún kejìdínlógún ìjọba Jòsáyà, nígbà tí wọ́n ń tún ilé Olúwa ṣe, Hílkíà olórí àlùfáà rí ìwé òfin níbẹ̀. Ó fi í fún Ṣáfánì akọ̀wé, Ṣáfánì sì kà á níwájú ọba. Bí ọba ti gbọ́ ọ, ó fa aṣọ rẹ̀ ya. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Jòsáyà kì í ṣe ọba búburú. Owó àtúnṣe ilé Olúwa ni ó ń ná lọ́wọ́ nígbà tí ìwé náà jáde. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, yóò ní, "Ẹ wo gbogbo iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ṣé èmi ni a óò máa ka irú èyí sí létí?" Òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ bèèrè lọ́wọ́ Olúwa nítorí òun àti nítorí àwọn ènìyàn.

Ta ni wọ́n lọ bá? Ó ti tó ọdún márùn-ún tí Jeremáyà ti ń sọ ọ̀rọ̀ Olúwa, gẹ́gẹ́ bí Jeremáyà 1:2 ti fi hàn wá, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ obìnrin ni olórí àlùfáà àti akọ̀wé ọba gbà lọ. Húlídà ni orúkọ rẹ̀, aya Ṣálúmù tí ń tọ́jú aṣọ. Obìnrin ilé ọkọ ni, ní àárín ìlú Jerúsálẹ́mù. Àwọn èèyàn ńlá márùn-ún wọlé tọ̀ ọ́ wá láti ààfin, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí wọ́n sọ fún ọkùnrin tí ó rán wọn. Kò kọ́kọ́ ki ọba. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí Olúwa ti fi rán an: ibi ń bọ̀ lórí ìlú yìí. Lẹ́yìn èyí ni ó fi àánú kún un, pé nítorí tí ọkàn Jòsáyà rọ̀, ojú rẹ̀ kò ní rí ibi náà. Mo fẹ́ kí àwọn tí ń rò pé ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ jẹ́ ti àwọn ọkùnrin orí pẹpẹ nìkan ka orí yìí dáadáa. Mo sì fẹ́ kí a kíyè sí i pé Húlídà kò fi àánú ṣáájú kí ọ̀rọ̀ náà lè rọrùn fún un láti sọ.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí a tó rí ọmọ. Jèhóíákímù ọmọ Jòsáyà ti jọba. Ó jókòó nínú ilé ìgbà òtútù ní oṣù kẹsàn-án, iná sì ń jó níwájú rẹ̀. Wọ́n mú ìwé tí Bárúkù kọ láti ẹnu Jeremáyà wá. Bí Jéhúdì bá ti ka ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, wọn a sọ ọ́ sínú iná, títí tí ìwé náà fi tán. Ìwé Mímọ́ fi ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ tí ó máa ń dùn mí: kò sí ẹni tí ó fa aṣọ rẹ̀ ya. Ẹni tí ó kọ ọ́ rántí Jòsáyà. Bàbá fa aṣọ ya, ọmọ fa ìwé ya. Nínú àwọn mẹ́ta tí ó sì bẹ ọba pé kí ó má jó ìwé náà, Gemaríà ọmọ Ṣáfánì akọ̀wé wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ní ẹ̀kọ́ ilé ṣì wà, ọba ni kò gbọ́. Kí ni ó wá yọrí sí? Olúwa ní kí Jeremáyà mú ìwé mìíràn, gbogbo ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ tún padà síbẹ̀, a sì fi ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kún un.

Àwa kì í fi ọ̀bẹ gé Bíbélì. Ọ̀bẹ tiwa kò ní irin. Ẹnìkan yóò ní ayé àtijọ́ ni wọ́n kọ èyí fún. Ẹlòmíràn yóò ní Ọlọ́run ìfẹ́ ni Ọlọ́run wa, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa obìnrin, kí ẹ má bínú, ni pé a gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Mo ti rí i nínú ìsìn, tí oníwàásù ń sọ̀rọ̀ lórí ahọ́n, tí arábìnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ ta ẹnìkejì rẹ̀ tí ó sì fi ojú júwe ìjókòó iwájú.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, a ní ẹ̀rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìkìlọ̀ bá pẹ́ kí ó tó dé. Ní 1821 ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1837 ó kọ lẹ́tà kan ní Sierra Leone tí ó fi ròyìn òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní ara rọ gbogbo àwọn, wọ́n ń pèsè oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, kí ariwo tó ta ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án pé ogun ń bọ̀. Ìlú náà ní ọgbà igi yíká. Ó ṣírò rẹ̀ pé wọ́n tó 12,000 ènìyàn, tí wọ́n lè mú 3,000 jagunjagun jáde. Ṣùgbọ́n wọn kò múra sílẹ̀, àwọn kan kò sí nílé, bodè tí wọn yóò ṣọ́ tó mẹ́fà, ọgbà náà sì ti ṣe aláìlágbára ní ọ̀pọ̀ ibi. Láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ìlú ti bọ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ: iná ṣì wà lábẹ́ ìkòkò. Àfàlá ìyá rẹ̀ kò fojú kàn án mọ́ títí di 1846 ní Abẹ́òkúta, ní 1848 ni a sì ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà.

Ọmọ yẹn ni ó di òpómúléró nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884. Nítorí náà nígbà tí a bá ń ka Esekíẹ́lì 33 ní Yorùbá, tí a rí olùṣọ́ tí ó rí idà tí kò fun fèrè, tí Olúwa ní òun yóò bèèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ rántí pé láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ń jẹ́ ìlú tí kò gbọ́ fèrè lásìkò ni Ìwé náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìlú tiwa ní agbègbè Afijio náà gba ọ̀pọ̀ ẹni tí irú ogun bẹ́ẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ olùṣọ́ kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ òkèèrè fún wa.

Bí ẹnìkan bá ní ti ogun ti pẹ́, Ògùnpa kò tíì pẹ́ púpọ̀. Odò náà kún bo Ìbàdàn ní 1978, ó ba dúkìá jẹ́, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ìdọ̀tí tí à ń dà sínú odò àti ilé tí à ń kọ́ sí etí rẹ̀ wà lára ohun tí ó fà á. Ọdún méjì péré ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ó tún kún, ó sì gbé ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà. Mo rántí pé kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn kan tún padà sí etí odò kan náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé ọjà. Àwọn ìyá wa tí ń ta gàrí, ẹ̀wà àti àgbàdo mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lójú oníbàárà, ó kún gègèrè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti jẹ nínú rẹ̀. Òwe 11:1 pe òṣùwọ̀n èké ní ìríra. Ámósì 8 wí pé àwọn kan wà tí ara ń yá wọn kí ọjọ́ ìsinmi tètè kọjá kí wọ́n lè padà sọ òṣùwọ̀n di kékeré, Olúwa sì búra pé òun kò ní gbàgbé iṣẹ́ wọn láé. Ó búra o! Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n, a ti kọ́ ẹ̀kọ́ lórí Dòkásì tó ìgbà mẹ́jọ, n kò rántí ọjọ́ kan tí a kọ́ Ámósì 8. Olùkọ́ mọ̀ pé ìdajì àwọn tí ó jókòó níwájú òun ni kóńgò wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, àwọn náà ni wọ́n sì ń dá owó ìkórè. Bí a ti ń ṣọ́ra kí inú má bà jẹ́ nìyẹn, tí a sì ń jẹ́ kí ẹni tí a fẹ́ràn máa lọ síwájú Ọlọ́run pẹ̀lú kóńgò lọ́wọ́. Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rò pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ti Mẹ́tọ́díìsì, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí 1739 ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn bí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni ó tọ John Wesley wá, tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ń wúwo lọ́kàn wọn, pé kí ó fi ọ̀nà hàn àwọn láti sá fún ìbínú tí ń bọ̀. Nígbà tí ó sì kọ Òfin Ẹgbẹ́ jáde ní 1743, ohun kan ṣoṣo tí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọlé ni ìfẹ́ láti sá fún ìbínú náà àti láti rí ìgbàlà kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀. Kíláàsì tí a ní lónìí, láti Bristol ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1742. Gbèsè ilé ìsìn ni wọ́n fẹ́ san, wọ́n sì pín ọmọ ẹgbẹ́ sí méjìlá méjìlá kí ẹnìkan lè máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí àwọn agbowó ń ti ilé dé ilé, wọ́n rí bí àwọn kan ti ń gbé: ẹni tí ń mu àmupara, ẹni tí ń bá aya rẹ̀ jà. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyí. Olórí kíláàsì wá di ẹni tí ń bèèrè bí ọkàn ti rí, tí ń kìlọ̀, tí ń tù nínú. Láti orí owó gbígbà ni wọ́n ti dé orí ìtọ́jú ọkàn. Àwa ti gbé e padà sí orí owó. Bí olórí kíláàsì bá kàn ilẹ̀kùn lónìí, owó kíláàsì ni a óò rò pé ó bá wá, lọ́pọ̀ ìgbà òótọ́ sì ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìkìlọ̀ ti pọ̀ jù nílùú, pé àwọn aríran kò jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ fi wé ti Húlídà. Aríran tí ó sọ fún ọ pé ikú ń bọ̀, tí ó sì ní kí o mú owó, òróró àti àbẹ́là wá, kò bèèrè pé kí o yí padà kúrò nínú ohunkóhun. Ọ̀tá wà ní ilé àna rẹ, ìwọ kò ní ẹ̀bi. Ìkìlọ̀ Bíbélì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ gan-an ni ó ń bá wí, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkìlọ̀ nígbà tí a bá fi àdúrà ìpàdé bú ẹni tí a ń bá jà. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn alàgbà Éfésù nínú Ìṣe 20 pé ọdún mẹ́ta ni òun fi kìlọ̀ fún olúkúlùkù tọ̀sán tòru, omijé sì wà lójú òun. Esekíẹ́lì ní tirẹ̀, kí a tó rán an níṣẹ́, a ní kí ó kọ́kọ́ jẹ ìwé náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní bí 1992, mo mú ọmọbìnrin kan wá láti abúlé kan kí ó máa bá mi gbé. Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni. Mo ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé n ó fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún kìíní, mo ní kí àbíkẹ́yìn mi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n rìn ná. Ní ọdún kejì, mo ní owó kò sí. Ní ọdún kẹta, n kò wá àwáwí kankan mọ́. Ọmọ náà ń jí ní aago márùn-ún, ó ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀, ó ń kiri ọsàn. Èmi a múra, n a kó ìwé mi, n a lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a, b, d. Ọdún méje ni ó lò nílé mi, kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun tọ́ ọmọ.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni mo ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn obìnrin. A kọ́ ìwé Jákọ́bù láti orí kìíní dé ìkẹrin. Nígbà tí ó kan orí karùn-ún, mo ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ 13 níbi tí ọ̀rọ̀ àdúrà wà, nítorí pé àkókò ti lọ. Àkókò kò tíì lọ. Mo mọ ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ kẹrin, pé owó ọ̀yà tí a dì mú lọ́wọ́ alágbàṣe ń ké, igbe náà sì ti wọ etí Olúwa. Ìyá àgbàlagbà kan tí kò mọ̀wé bi mí ní ọ̀sẹ̀ kejì pé, "Tíṣà, kí ló wà nínú èyí tí a fò?" Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni, kò kàn wá. Ó ní, "Ó dáa o." Ìyá náà ti sùn nínú Olúwa, n kò sì rí àyè sọ òtítọ́ fún un.

Jákọ́bù 3:1 wí pé kí púpọ̀ nínú wa má fẹ́ jẹ́ olùkọ́, nítorí pé àwa ni a óò jẹ̀bi jù. Mo ti ka ẹsẹ̀ yẹn nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo rò pé àwọn àlùfáà ni ó ń bá wí. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni ó tó yé mi pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún. Ó lé ní ogún obìnrin tí ó jókòó nínú yàrá yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé. Bí mo bá ka ẹsẹ̀ mẹ́fà péré sókè, bóyá ọmọ kan ì bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e.

Mo wá ọmọ náà lọ. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ó ń ta ata lọ́jà. Mo kúnlẹ̀ fún un, ó yára fà mí dìde, ó ní, "Mọ́mì, ẹ dìde, ó ti pẹ́." Èmi ni mo ń ra ìwé fún ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo fi san ọdún méje. Mo sọ fún un pé n ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, láìdárúkọ rẹ̀. Ó ní kò burú, pé bí ó bá jáde, kí n wá kà á fún òun.

Fún ìjíròrò ní kíláàsì: Apá ibo nínú Bíbélì ni a kò kọ́ rí nínú ẹgbẹ́ wa, kí ni ó sì fà á? Ta ni ó lè bá ọ wí lónìí tí ìwọ kò ní bá a ṣọ̀tá? Kí olúkúlùkù tún wo kóńgò rẹ̀ nílé, kí ó sì wo ọmọ tí ń bá a gbé, bí kì í bá ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, Jákọ́bù orí karùn-ún ni a óò kà, láti ẹsẹ̀ kìíní.